Fúrúùtù Tí Ọmọ Kankan Kì í Ká

Ní gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àgbàlá Bàbá Ṣàíbù nìkan ni fúrúùtù ti ń pọ́n títí yóò fi jábọ́, tí yóò jẹrà sílẹ̀, tí ọmọ kankan ò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Ohun tó mú Motọ́lání dúró lẹ́nu géètì nìyẹn. Fíìmù ló ń ṣe, ó sì ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá igi tó máa yà káàkiri Yábàá àti Súrùlérè.

Bàbá Ṣàíbù ò tètè ṣílẹ̀kùn. Ó béèrè ẹni tó rán an wá, ó tún un béèrè, ó wo káàdì tó so kọ́rùn dáadáa. Nígbà tó gbọ́ pé onífíìmù ni, ara ẹ̀ balẹ̀.

"Ẹ lè ya fáráńdà," ó ní. "Ẹ ya kànga. Igi yẹn, rárá o. Iwin wà nínú ẹ̀."

Inú Motọ́lání dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

"Irú iwin wo, Bàbá?"

Bàbá wo igi náà, ó ń wá ọ̀rọ̀.

"Iwin burúkú ni. Ìgbà míì á sùn, èèyàn lè fara tì í, kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó máa jí. Kò fẹ́ ẹsẹ̀ lásán. Tí òjò bá wá rọ̀, háà! Ó pa ewúrẹ́ mi méjì lọ́dún tó kọjá. Ẹ bi àwọn ọmọ àdúgbò."

Ẹlòmíì á ti sá. Motọ́lání ní tiẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀: ẹsẹ̀ lásán, òjò, oorun. Kó tó padà délé, ó ti tún ìparí fíìmù ẹ̀ rò. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n lé jáde nílé máa sáré bọ́ sínú òjò láìwọ bàtà, á dì mọ́ igi tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, igi á sì gbà á bí ọmọ. Lójú tiẹ̀, bó ṣe yẹ kí fíìmù ọmọdé rí nìyẹn: àgbà ló ń bẹ̀rù igbó, ọmọdé àti igbó ti mọ ara wọn tipẹ́.

Òkìkíọlá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni wọ́n mú láti ṣe ọmọ náà. Àjà kẹta ni wọ́n ń gbé ní Sábó, kò gun igi rí láyé ẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa igbó, inú tẹlifíṣọ̀n ló ti rí i, níbi tí labalábá ti ń bà lé ọmọ lórí, tí ọ̀bọ ń bá ọmọ ṣeré. Tíṣà ni Jemimah, ìyá ẹ̀, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Lọ́jọ́ Ẹtì tí wọ́n dé àgbàlá Bàbá Ṣàíbù, àwọn ọmọ àdúgbò ló sọ ọ̀rọ̀ iwin fún un. Ó lọ bá Motọ́lání.

"Àǹtí Motọ́lání, ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní o."

"Mọ́mì Òkìkí, ẹ̀yin náà gbà pé iwin wà ni?"

"Mi ò gbà. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kú."

"Ibo ni ewúrẹ́ kì í ti í kú?"

Láti àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ. Ooru mú gan-an. Bàbá Ṣàíbù jókòó sí fáráńdà, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí àsìkò Jímọ̀ tó, ó dìde.

"Ẹ ò ní dé ìdí igi yẹn o. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Motọ́lání kúnlẹ̀, ó ṣèlérí. Bí Bàbá ṣe yí kọ́nà báyìí, wọ́n gbé kámẹ́rà kọjú sí igi.

Jemimah di ọmọ ẹ̀ lápá mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Motọ́lání ò bá a jà. Ó bọ́ bàtà, ó lọ fẹ̀yìn ti igi, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé mo kú?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Jemimah ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jọ̀wọ́ ọmọ.

Rótìmí, tó ń ṣe òjò fún wọn, gun àkàbà pẹ̀lú garawa omi kànga, ó ń fi agolo bù ú dà sórí ewé àti ara igi. Omi ń ṣàn wálẹ̀ lára igi, ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Òkìkíọlá sáré wá, ó dì mọ́ igi, ó gbé etí lé e.

"Àǹtí, kò sọ̀rọ̀."

"Á sọ̀rọ̀. Inú fíìmù ló ti máa sọ̀rọ̀."

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Jemimah mí kanlẹ̀. Ojú wá ń tì í: òun, odindi tíṣà, òun ń gba àdúrà nítorí igi fúrúùtù! Nígbà tí Motọ́lání ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan sí i, pé ọmọ náà ò dì í mú tó, pé kó má fi í sílẹ̀ títí wọ́n á fi ní ó tó, Jemimah fúnra ẹ̀ ló nu omi lójú ọmọ ẹ̀.

"Má bẹ̀rù mọ́," ó ní. "Fi ọwọ́ méjèèjì dì í mọ́ra dáadáa."

Rótìmí da omi. Òkìkíọlá sáré, ó dì mọ́ igi, ó pajú dé, ẹ̀rín wà lẹ́nu ẹ̀. Kámẹ́rà ń yà á.

Lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣálááṣí, Bàbá Ṣàíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ bọ bàtà nígbà tí gbogbo àdúgbò hó yèè, "Up NEPA!", ló bá ju bàtà nù, ó ń sáré, ó ń pariwo fún àwọn tí kò lè gbọ́ ọ pé kò sí iwin kankan níbẹ̀, pé waya iná olè tí òun fà gba inú ewé igi náà, tí ara ẹ̀ ti bó, ni òun fi ọ̀rọ̀ iwin bò mọ́lẹ̀.