Kì Í Ṣe Jẹjẹrẹ

Dókítà ń ka èsì àyẹ̀wò. Káfíńtà di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú gírígírí.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kókó inú kíndìnrín yín kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Ìyàwó bú sẹ́kún ayọ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ gbọ́?"

Káfíńtà ò rẹ́rìn-ín. "Kò lè pa mí?"

"Rárá o. Irú ẹ̀ máa ń wà lára èèyàn títí dọjọ́ ogbó."

Káfíńtà rọra gbọ́wọ́ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n rán lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá kíndìnrín tí ẹ yọ padà."

Dókítà wú ikọ́ díẹ̀.

"Bàbá, ká tó lè mọ̀ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, a ti gé e wẹ́wẹ́."