Iye Èèyàn Tó Gba Géètì Wọlé ní Fráídè

Àwọn eléré rugby league, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, ti dé Atlanta láti Wẹ́sídè, àmọ́ Uncle Fátókun ò rí oorun sùn. Òun ló gba iṣẹ́ géètì ní pápá ńlá tó wà láàárín ìlú. Òun náà ló ta kú pé ibẹ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, nígbà tí àwọn yòókù ń sọ pé pápá kékeré kan ní Jonesboro ti tó. Àwọn líìgì tó ni eré náà wá là á mọ́lẹ̀ fún un: tí èèyàn ò bá pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́jọ́ Fráídè, tí wíwọlé jẹ́ ọ̀fẹ́, ìlú mìíràn ni wọ́n máa gbé eré náà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Iṣẹ́ Uncle á bá a lọ nìyẹn.

Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà, ọwọ́ ni wọ́n máa fi ka àwọn tó bá wọlé. Uncle gbé kílíkà lé Ṣọlápé, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, lọ́wọ́, irin kékeré báyìí, téèyàn ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí nọ́ńbà orí ẹ̀ á máa gun òkè. Ṣọlápé mọ̀ ọ́n lò. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń ṣe ọ́ṣà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Douglasville, tó ń fi irú ẹ̀ ka èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ilé Uncle náà ló ń gbé, ní basement, yàrá abẹ́ ilé.

"Géètì kan péré la máa ṣí," Uncle wí. "Má kúrò níbẹ̀. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà."

Láti aago mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì yẹ́lò àwọn iléèwé ti ń tò wá láti Covington, láti Jonesboro, láti ibi gbogbo. Ariwo gba géètì kan. Wọ́n da ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí Ṣọlápé ní bàtà. Ọmọ kan bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, èébì pupa. Síbẹ̀, kò kúrò lójú kan.

Ilyas, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń yẹ báàgì wò, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gá kílíkà, ọwọ́ ẹ mà ń sinmi o. Àbí o ti sùn ni?"

"Mò ń kà wọ́n bó ṣe yẹ. Máa yẹ báàgì ẹ jàre."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀, gbogbo bọ́ọ̀sì ti lọ. Aago mẹ́rin ni Ms. Hephzibah, obìnrin tí líìgì rán wá, bọ́ sílẹ̀ nínú pléènì. Nígbà tó fi máa dé pápá, àga lásán ló kù.

Uncle jókòó sí ọ́fíìsì, ó ń jẹ apá adìyẹ, ọbẹ̀ ta sí i létè. Ó wo kílíkà. 1,140.

"Èyí ò lè jóòótọ́. Mo máa kọ 6,200."

"Uncle, ohun tí mo kà nìyẹn."

"Ṣé o ò rí bọ́ọ̀sì níta ni? Èmi fúnra mi ka bọ́ọ̀sì. Nǹkan ọwọ́ ẹ yẹn ti bàjẹ́."

Ṣọlápé tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó di 1,141. Kò bàjẹ́.

Ó ń wo ọwọ́ Uncle, ọwọ́ díákónì tó ń gbé ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún wọn ní Sọ́ńdè, bí òróró adìyẹ ṣe wà lára ẹ̀ tó sì ń kọ 6,200 sórí pépà.

Uncle ti àwo sí i. "Jẹun, o ti ṣiṣẹ́."

"Mo ti yó, sà." Kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀.

Ẹ̀rù bà á. Tó bá sọ̀rọ̀, níbo ló máa sùn? Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ gbé kílíkà ka iwájú Ms. Hephzibah, ó ní irọ́ ni Uncle òun kọ.

"Ṣé o kúrò ní géètì rárá?" obìnrin náà bi í.

"Rárá, mà. Gbogbo ẹni tó yẹ kí n kà ni mo kà."

Ní Mọ́ńdè, líìgì kéde ìlú mìíràn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Uncle. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gba ipò díákónì náà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní onírọ́ ni.

"Ṣọlápé, kí ni mo fi ṣe ẹ́?" Uncle bi í lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣọlápé ò lè wo ojú ẹ̀. Ó kó ẹrù ẹ̀, ó lọ ń sùn sórí àga gígùn nílé Ilyas.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ fi í ṣe olórí ọ́ṣà nítorí òótọ́ inú ẹ̀, Ṣọlápé sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ́ Ṣìkẹ́mi, ọ́ṣà tuntun, níṣẹ́: "Àgbàlagbà nìkan ni kó o máa tẹ kílíkà fún, jẹ́ káwọn ọmọdé máa kọjá lọ, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè wọn ló ń kà wọ́n, bí èmi náà ṣe ṣe é ní pápá nìyẹn, mi ò sì ṣì í rárá."