Awò Tí Agbára Mi Ká

Awò olójú méjì tí ọdẹ fi ń wo òkèèrè ni mo wá rà.

"Màmá, ẹ mú ńlá yìí," ni oníṣọ́ọ̀bù ń wí.

"Agbára mi ò ká a. Ṣé kékeré yìí ń fi àwọ̀ aṣọ hàn láàárín ewé?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹran wo ló ń wọ aṣọ?"

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé e sójú, mo ń ka bọ́tìnì ẹ̀wù télọ̀ tó jókòó ní òdìkejì títì.

"Mo mú eléyìí."

"Inú ọkọ yín á dùn."

"Àbúrò ọkọ mi ni mo rà á fún. Òun ló yìnbọn pa ọkọ mi lọ́jọ́sí. Ó ní ẹtu lòun rí."

Mo ka owó lé e lọ́wọ́.

"Àkọ́bí mi ló fẹ́ bá a lọ sígbó lọ́la."