Ọmọ Tí Ò Ráyè

Nọ́ọ̀sì ń fi kànrìnkàn nu ẹ̀yìn aláìsàn kan lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá ẹ́jẹ́ńsì, tó ń há àwọn nọ́ọ̀sì kiri ọsibítù, pè é lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi láyè lọ́la. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ìyá mi gbẹ̀yìn, ara wọn ò yá."

"Ojoojúmọ́ ni ìyá ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń ṣàìsàn! Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé ti dé fún ẹ lọ́la jàre. Màmá àgbà kan ni, wọ́n fúnra wọn pè wá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ráyè."

Nọ́ọ̀sì pòṣé. "Ọmọ burúkú! Ìyá tó tọ́ ọ ni ò ráyè fún? Níbo nilé wọn?"

Ọ̀gá ka àdírẹ́sì. Kó tó kà á tán, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ti dúró lẹ́yìn aláìsàn. Inú ilé yẹn ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní ìrìn.