Omi Inú Rọ́bà

Ilẹ̀ ti ń ṣú lórí òkè tí ilé àtijọ́ náà wà, onílé sì ń bọ̀ láàárọ̀. Tìjání ń wọn ibi tí yóò gbin òdòdó sí, nítorí bí ilẹ̀ kò bá dọ́gba, òjò á gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Ó di orí kan rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ mú, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba. Ó ti fi orí kejì lé Ràúfù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ lẹ́yìn ògiri.

"Ṣé ó ti dọ́gba?"

"Ẹ gbé e sókè díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Tìjání rẹ́rìn-ín. "Ràúfù, ìgbà wo lo di ọmọlúàbí? Ìwọ tó o kì í fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀!"

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Ràúfù ló ń bọ̀ láti ẹnu géètì yẹn, ṣọ́bìrì tó lọ mú wà léjìká rẹ̀.

Tìjání yíjú wo ògiri náà. Omi inú rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń fà á mu.

"Ẹ bu òmíràn sí i," ohùn ẹ̀yìn ògiri náà wí.