Orin Iceland ní Ṣọ́ọ̀bù Ẹja

"Wọn kì í pè é báyẹn," ni Mummy Dáúdà sọ láti ẹ̀yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ẹja gbígbẹ wọn ní Rye Lane, ní London.

Akọrin kan tó wá ra ẹja gbójú sókè kúrò lórí fóònù rẹ̀. Kò ní ju wákàtí kan lọ mọ́ tó fi máa dúró ti dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì, láti kọ orin tuntun tí Einar, ará Iceland, ṣẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin náà ni kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì ń tún un pè látìgbà tó ti wọlé.

"Mummy, ẹ gbọ́ Icelandic?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń sá ẹja ní Iceland lọ́hùn-ún. Fà á láti ọ̀nà ọ̀fun."

Ó fà á, ó wúkọ́. Mummy Dáúdà mirí, wọ́n sì kọ orin náà fúnra wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹnu ya akọrin. "Ẹnì kankan ò tíì kọ orin yìí ní gbangba rí o!"

Ìgbà yẹn gan-an ni Einar wọlé wá pè é. Bó ṣe rí Mummy báyìí, géńdé ọkùnrin náà sá sẹ́yìn akọrin.

"Òun rèé!" ni Mummy pariwo. "Torí orin yìí ni mo ṣe lé e kúrò níṣẹ́ ní Iceland. Tó bá ti dá a, gbogbo òṣìṣẹ́ á jókòó, wọn á máa sunkún, òjò á sì pa ẹja mi."

Wọ́n wo Einar látòkè délẹ̀, wọ́n wá yíjú sí akọrin.

"Ọmọ mi, ṣé ó ti wá ríṣẹ́ gidi báyìí?"