Éékà Kan fún Aránbàtà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀ ni aránbàtà kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, lẹ́nu awakọ̀ kan tó gbé bàtà tó já wá fún un. Awakọ̀ ní ìjọba ti ṣí ọ́fíìsì kan sí ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n ń bá ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wá ilẹ̀, éékà kan fún ẹnì kan, owó rẹ̀ kò sì wọ́n rárá. Aránbàtà rán bàtà náà tán, ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa lọ́sàn-án gangan, ó gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Ẹ̀wà ló ń lé e. Ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ìgò irúgbìn ẹ̀wà kan sílẹ̀ fún wọn, irú èyí tí kò sí lọ́jà mọ́. Kí màmá náà tó kú, ó sọ pé ọdún mẹ́ta péré ni irúgbìn náà lè fi wà láàyè nínú ìgò. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sínú ìkòkò. Ọdún kan ti lọ nínú rẹ̀. Àjà kejì ni aránbàtà ń gbé, kò ní ilẹ̀ tó tó gbé ìgbálẹ̀ lé.

Yàrá méjì ni ọ́fíìsì náà, láàárín pápá gbalasa kan tí koríko ibẹ̀ ga dé orúnkún. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Fáìlì ló wà níbẹ̀. Ó bi í bóyá ó ti dáko rí. Aránbàtà ní rárá. Inú obìnrin náà dùn, ó ní irú wọn gan-an ni àwọn ń wá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà kìíní.

Aránbàtà béèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà.

“A kì í sọ ọ́, bàbá,” ni Ìyá Fáìlì wí. “Tá a bá dárúkọ ibẹ̀ lónìí, àwọn tó ń ra ilẹ̀ pa mọ́ á ti sùn síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni àwòrán rẹ̀ wà, èmi pàápàá ò tíì rí i. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ pín in la máa já a. Ohun tí wọ́n kọ sí mi ni pé ilẹ̀ náà dúdú bí kóró iṣin.”

Aránbàtà rí i pé ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu.

Òfin kan ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan ṣiṣẹ́ fún ọ́fíìsì lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán. Kò pẹ́ tí èrò fi pọ̀, awakọ̀ náà wà lára wọn, oòrùn sì ń pa wọ́n lórí ìlà. Nítorí náà, àtíbàbà ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ fún ìlà. Aránbàtà àti awakọ̀ jọ gbẹ́ ihò òpó. Ibi tí wọ́n bá ki ṣọ́bìrì bọ̀, ekòló ni.

“Tí tèmi bá lè rí báyìí,” ni aránbàtà wí, “mi ò ní béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ẹ gbẹ́ ihò yín, bàbá,” ni awakọ̀ wí. “Ti oko ń bẹ níwájú.”

Lẹ́yìn àtíbàbà, wọ́n ní àgbẹ̀ tí kò kẹ́kọ̀ọ́ á kàn ba ilẹ̀ jẹ́ ni. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ebè sójú pátákó. Aránbàtà gba ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Awakọ̀ fìdí rẹmi, ó ní ebè òun kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà tí wọ́n ń sanwó fún òun láti máa wà. Nígbà tí ọkọ̀ àti alùpùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò rí ibi dúró sí mọ́, wọ́n da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n kọ́ àká fún irè oko tí ń bọ̀. Wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà, kí ẹrẹ̀ má baà ba ẹsẹ̀ àwọn àgbẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti pé ogójì nígbà náà, ọwọ́ púpọ̀ sì ni í mú iṣẹ́ yá.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ká kóró ẹ̀wà mẹ́wàá sínú aṣọ tútù láti dán wọn wò. Mẹ́fà ló hù. Nígbà tó tún dán an wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mẹ́ta ni.

“Ẹ bá mi kí àwọn ebè yín tó wà lójú pátákó,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, bó ṣe ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

Aránbàtà ní pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.

“Kó tó pè é, baba á ti kú. Ẹ̀wà màmá mi ò lè dúró de akólòlò.”

Ọdún kẹta ń parí lọ nígbà tí wọ́n kéde ọjọ́ ìpín. Ìyàwó rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Òun ló nu ìgò ẹ̀wà náà, òun ló gbé ọkọ́ tuntun lé ọkọ rẹ̀ léjìká. Nígbà tí wọ́n pe nọ́ńbà kìíní, gbogbo èrò abẹ́ àtíbàbà pàtẹ́wọ́. Ìyá Fáìlì já àpò ìwé náà lójú gbogbo wọn.

Aránbàtà béèrè bóyá ọkọ̀ ló máa gbé wọn lọ. Ìyá Fáìlì yẹ àwòrán náà wò, ó ní kò jọ pé ó jìnnà. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, wọ́n bọ́ sórí sìmẹ́ńtì ìgbọ́kọ̀sí. Ìyá Fáìlì dúró. Ó yí àwòrán náà sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀. Ó pe awọnlẹ̀ ọ́fíìsì, ìyẹn na okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Bàbá,” ni Ìyá Fáìlì wí nígbà tó yá, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ẹsẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n lè fi ẹfun sàmì sí igun ilẹ̀ yín.”

Ogójì éékà ni ìjọba fi sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ tuntun: ọ́fíìsì gba ọ̀kan, àtíbàbà gba mẹ́ta, gbọ̀ngàn gba márùn-ún, àká gba mẹ́fà, ọ̀nà ọlọ́dà gba mọ́kànlá, ìgbọ́kọ̀sí gba mẹ́rìnlá.